Òkúta Luxor, Amọ̀ Tiébélé
Ọ̀rọ̀ orí rédíò fún àwọn olùgbọ́ èdè Yorùbá ní Patte d'Oie, Ouagadougou

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lálẹ́ yìí dá lórí ìrìn-àjò kúkúrú tí àwọn ènìyàn máa ń rìn lọ wo àwọn tẹ́ḿpìlì àtijọ́ ní ilẹ̀ Íjíbítì, irú ìrìn-àjò tí afinimọ̀nà máa ń ṣíwájú rẹ̀, tí wọ́n sì máa ń fi gígun bàlúùnù ńlá kún un. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò ní mọ sí Íjíbítì nìkan, nítorí pé ọ̀nà tó ti gúúsù Ouagadougou lọ sí Pô ń lọ sí ibi kan tó yẹ kí ẹni tó ń gbé ní Patte d'Oie mọ̀ kí ó tó mọ Luxor, èyíinì ni ààfin Tiébélé ní ilẹ̀ àwọn Kasena. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ètò yìí yóò máa gbé kiri láti ibì kan dé èkejì, kí olùgbọ́ sì jọ̀wọ́ dì í mú títí di ìparí: ilé àtijọ́ tí ojú ń wò yìí, ta ni ń tún un ṣe?

Níbo ni Luxor wà, kí ló sì wà níbẹ̀? Luxor jẹ́ ìlú kan lẹ́bàá odò Náílì ní apá gúúsù Íjíbítì, orí ilẹ̀ ìlú àtijọ́ tí àwọn Gíríìkì ń pè ní Thebes ló sì wà. Odò náà pín in sí méjì. Ní apá ìlà-oòrùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé, ibẹ̀ náà sì ni tẹ́ḿpìlì Karnak àti tẹ́ḿpìlì Luxor wà. Ní apá ìwọ̀-oòrùn, níbi tí oòrùn ń wọ̀ sí, ni wọ́n ń sin òkú àwọn ọba sí, tí wọ́n sì ń kọ́ tẹ́ḿpìlì tí wọn yóò ti máa bọ ọba lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ìrìn-àjò kúkúrú tí à ń sọ yìí kì í sábà ju ọjọ́ mélòó kan lọ: arìnrìn-àjò yóò wo Karnak, yóò sọdá odò lọ wo ibojì àwọn ọba, ẹlòmíràn yóò sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Edfu, Kom Ombo àti Aswan.

Kí wá ni tẹ́ḿpìlì lójú àwọn ará Íjíbítì àtijọ́? Kì í ṣe ibi tí gbogbo ayé ń kóra jọ sí láti gbàdúrà bíi mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì òde òní. Ilé òrìṣà ni, níbi tí wọ́n gbà pé òrìṣà náà ń gbé ní tòótọ́, tí àwọn àlùfáà sì ń jí i ní òwúrọ̀, tí wọ́n ń wọ aṣọ fún ère rẹ̀, tí wọ́n sì ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ènìyàn bá ṣe ń wọlé sí i ni ilẹ̀ ń ga díẹ̀díẹ̀, tí òrùlé ń rẹlẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń dínkù, títí yóò fi kan yàrá kékeré tó ṣókùnkùn, níbi tí ère òrìṣà náà wà. Àwọn ará ìlú kì í dé ibẹ̀. Ọjọ́ ọdún nìkan ni òrìṣà ń jáde sí wọn, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń rí nígbà ọdún Opet, tí àwọn àlùfáà máa ń gbé ère Amun sínú ọkọ̀ kékeré kan lé èjìká láti Karnak lọ sí tẹ́ḿpìlì Luxor. Ọmọ Yorùbá tó bá ti rí bí òrìṣà ṣe ń rìn lójú pópó lọ́jọ́ ọdún rẹ̀, tí àwọn ènìyàn ń yà fún un, tí wọ́n sì ń tọrọ ire lọ́wọ́ rẹ̀, yóò tètè mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀nà tó so tẹ́ḿpìlì méjèèjì pọ̀ sún mọ́ kìlómítà mẹ́ta, ère tó ní ara kìnnìún àti orí ènìyàn tàbí orí àgbò ni wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ilẹ̀ bo ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún kí wọ́n tó wú u jáde, ọdún 2021 ni ìjọba Íjíbítì sì tún un ṣí fún ará ìlú àti àlejò.

Ní Karnak fúnra rẹ̀, gbọ̀ngàn kan wà tó ní òpó òkúta 134. Seti Kìn-ín-ní àti ọmọ rẹ̀, Ramesses Kejì, ni wọ́n fín iṣẹ́ ọnà sára àwọn òpó náà ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàlá ṣáájú ìbí Jésù, àwọn tó wà láàárín sì ga tó mítà 21. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣàlàyé fún un yóò rí òkúta, yóò rí àwòrán ẹyẹ, ejò àti ènìyàn tó kọ ẹ̀gbẹ́ síni, yóò ya fọ́tò, yóò sì jáde. Àwọn àgbà ní àjèjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Afinimọ̀nà ni yóò sọ fún un pé àwọn òpó náà dúró fún ewéko inú irà, nítorí pé àwọn ará Íjíbítì gbà pé láti inú omi àti irà ni ayé ti kọ́kọ́ yọ. Afinimọ̀nà náà ni yóò sọ fún un pé ìwé ni àwọn àwòrán wọ̀nyẹn, àti pé kò sí ẹnikẹ́ni láyé tó lè kà á fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún kan, títí ará Faransé kan tó ń jẹ́ Champollion fi rí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ní 1822. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ dín owó ìrìn-àjò kù, oúnjẹ àti ilé ìtura ni kí ó ti dín in, kí ó má fi ọwọ́ kan owó afinimọ̀nà.

Báwo wá ni ti bàlúùnù? Àpò aṣọ fífẹ́lẹ́ kan tó tóbi ju ilé lọ ni, tí wọ́n so apẹ̀rẹ̀ tí ènìyàn ń dúró sí mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí ẹ̀rọ tó ń lo gáàsì sì ń tu iná sẹ́nu àpò náà kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè gbóná. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ tútù lọ, ìdí kan náà tí èéfín ààrò fi máa ń ròkè. Nígbà tí afẹ́fẹ́ inú àpò bá ti gbóná tó, yóò gbé àpò, apẹ̀rẹ̀ àti ènìyàn kúrò nílẹ̀. Ní Paris ní 1783 ni irú bàlúùnù bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ gbé ènìyàn fò láìso okùn mọ́ ilẹ̀, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tí wọ́n ń jẹ́ Montgolfier ló sì ṣe é. Kò sí ohun tí awakọ̀ lè fi yí i sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ibi tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ sí ni ó ń lọ. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn òkè kì í sábà fẹ́ síbi kan náà pẹ̀lú ti ìsàlẹ̀, ọgbọ́n awakọ̀ sì ni pé kí ó gòkè tàbí kí ó sọ̀ kalẹ̀ títí yóò fi bá atẹ́gùn tó ń lọ síbi tó fẹ́ pàdé. Ìdájí ni wọ́n máa ń gbéra ní Luxor, nítorí pé ìgbà náà ni atẹ́gùn rọlẹ̀, tí òtútù ìdájí sì ń mú kí bàlúùnù tètè gòkè.

Kí ni ènìyàn ń rí lókè tí kò lè rí nílẹ̀? Èyí ni ìdáhùn tó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ bàlúùnù. Láti òkè, arìnrìn-àjò yóò rí i pé ilẹ̀ oko tó tutù yọ̀yọ̀ kò fẹ̀ rárá, ẹ̀bá odò nìkan ló wà, àti pé níbi tí omi odò kò dé, aṣálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lójijì bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Yóò wá rí i pé ẹnu ààlà yẹn gan-an, láàárín ilẹ̀ tútù àti ilẹ̀ gbígbẹ, ni àwọn ọba tò tẹ́ḿpìlì wọn sí: ti Ramesses Kejì, ti Ramesses Kẹta ní Medinet Habu, àti ti Hatshepsut, obìnrin tó jọba bíi Fáráò, tí tẹ́ḿpìlì rẹ̀ ní ìpele mẹ́ta tó fẹ̀yìn ti òkè àpáta. Wọn kò fẹ́ fi ilẹ̀ oko ṣòfò, wọn kò sì fẹ́ kí omi odò tó ń kún lọ́dọọdún gbé ilé náà lọ. Ẹni tó bá rí èyí lókè ti mọ bí àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn ṣe ń ronú nípa oúnjẹ, nípa omi àti nípa ikú. Ìdí nìyí tí gígun bàlúùnù kò fi yẹ kó jẹ́ fàájì lásán. Ó sì ní ewu tirẹ̀: ní oṣù Kejì ọdún 2013, bàlúùnù kan gbiná lókè ní Luxor, ènìyàn 19 sì bá a lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gùn ún, kí ó rí i pé ilé iṣẹ́ tó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìwé àṣẹ, bí awakọ̀ bá sì sọ pé atẹ́gùn òní kò dára, kí ó má bá a jiyàn.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ padà sí ìbéèrè tó wà nílẹ̀. Ta ni ń tún un ṣe? Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé nítorí òkúta ni tẹ́ḿpìlì Íjíbítì ṣe pẹ́. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ ó ku díẹ̀. Ọba Amenhotep Kẹta kọ́ tẹ́ḿpìlì òkúta kan sí apá ìwọ̀-oòrùn Luxor tó wà lára èyí tó tóbi jù níbẹ̀; ilẹ̀ mì tìtì, ó wó, àwọn ọba tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ sì kó òkúta rẹ̀ lọ kọ́ tiwọn. Ère rẹ̀ ńlá méjì tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ni ojú kọ́kọ́ ń rí níbẹ̀ lónìí. Ààfin tí ọba yìí kan náà ń gbé ńkọ́? Bíríkì amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ, bí ó ti rí fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ilé tí alààyè ń gbé ní Íjíbítì, ìpìlẹ̀ àti àwókù ògiri ló sì kù. Òkúta wà fún òrìṣà àti fún òkú. Amọ̀ wà fún alààyè.

Tẹ́ḿpìlì tó bá sì dúró títí di òní, ohun kan ló dáàbò bò ó. Ti Edfu, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 237 ṣáájú ìbí Jésù, iyanrìn ló bò ó títí kan òrùlé, àwọn ará ìlú sì kọ́ ilé sórí rẹ̀, kí Auguste Mariette tó wá kó iyanrìn náà kúrò ní nǹkan bí 1860. Nínú tẹ́ḿpìlì Luxor, mọ́ṣáláṣí Abu al-Haggag wà níbẹ̀ títí di òní, wọ́n ṣì ń kírun nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ibẹ̀ kò fi ìgbà kan dá kúrò lọ́wọ́ ènìyàn pátápátá. Abu Simbel ni ẹ̀rí tó lágbára jù. Nígbà tí Íjíbítì ń kọ́ ìdídò ńlá sí Aswan, omi adágún tí yóò tẹ̀lé e ìbá ti gbé tẹ́ḿpìlì tí Ramesses Kejì gbẹ́ sínú òkè mì. Láti 1964 títí di 1968, wọ́n gé gbogbo tẹ́ḿpìlì náà sí wẹ́wẹ́, wọ́n gbé e gòkè tó nǹkan bí mítà 65, wọ́n sì tún un tò bó ṣe wà. Àjọ UNESCO, ìyẹn ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì àti àṣà, ló kó àwọn orílẹ̀-èdè jọ láti gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ní tẹ́ḿpìlì Esna náà, láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn onímọ̀ ará Íjíbítì àti ará Jámánì ti ń rọra nu èéfín àti ìdọ̀tí kúrò lára òrùlé àti òpó, àwọ̀ búlúù, pupa àti òféfèé sì ń yọ jáde lábẹ́ rẹ̀. Kí ni èyí fi hàn? Ó fi hàn pé àwọn tẹ́ḿpìlì tí à ń rí bí òkúta ràkọ̀ràkọ̀ lónìí, kíkùn ni wọ́n kùn ún láti òkè délẹ̀. Kí olùgbọ́ fi ọ̀rọ̀ àwọ̀ yìí sọ́kàn dé Tiébélé.

Kí a tó kúrò ní Íjíbítì, ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ ní sísọ láìfi epo bọ iyọ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan, pàápàá Olumide Lucas nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1948 lórí ẹ̀sìn àwọn Yorùbá, gbìyànjú láti fi hàn pé láti Íjíbítì ni Yorùbá ti ṣẹ̀, wọ́n sì ń fi ọ̀rọ̀ tó jọ ara wọn nínú èdè méjèèjì ṣe ẹ̀rí. Àwọn onímọ̀ èdè kò fara mọ́ ọn, nítorí pé ọ̀rọ̀ mélòó kan lè ṣèèṣì jọra láàárín èdè èyíkéyìí. Ìfẹ́ ilẹ̀ baba ló gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dìde, ó sì yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò nílò Íjíbítì kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó lè níyì. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wá sílé.

Láti Patte d'Oie, ọ̀nà gúúsù gba Kombissiri àti Nobéré kọjá, ó sọdá odò Nazinon, kí ó tó dé Pô. Ní Pô ni arìnrìn-àjò yóò ti fi títì tó ń lọ sí ààlà Ghana sílẹ̀, tí yóò sì yà sí apá ìlà-oòrùn lọ sí Tiébélé. Gbogbo rẹ̀ tó nǹkan bí 170 kìlómítà, ẹni tó bá sì jí rìn lè lọ kí ó sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Kasena ni orúkọ àwọn ènìyàn ibẹ̀, Kasem sì ni èdè wọn. Ààlà tí òyìnbó fà ti pín wọn sí méjì: àwọn kan wà ní Burkina Faso, àwọn kan wà ní Paga àti Navrongo ní Ghana, gẹ́gẹ́ bí irú ààlà bẹ́ẹ̀ ṣe ya Kétu tó wà ní ilẹ̀ Benin kúrò lára àwọn Yorùbá ará Nàìjíríà. Ní Paga yìí kan náà, àwọn ènìyàn ń gbé pẹ̀lú ọ̀nì inú adágún láìpa wọ́n lára. Ẹni tó bá sì ti dé Kom Ombo ní Íjíbítì, níbi tí wọ́n ti ń bọ Sobek, òrìṣà tó ní orí ọ̀nì, tí wọ́n sì ń fi oògùn àti aṣọ di òkú ọ̀nì kí ó má bàa jẹrà, yóò rí i pé ìlú méjì lè bu ọlá fún ẹranko kan náà láìjẹ́ pé ọ̀kan kọ́ ọ lọ́dọ̀ èkejì.

Kí ni ààfin Tiébélé? Àgbájọ ilé amọ̀ ni, tí odi amọ̀ yí ká, láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni ó sì ti wà níbẹ̀. Ìdílé ọba ló ń gbé inú rẹ̀, wọ́n ń dáná níbẹ̀, wọ́n ń bímọ níbẹ̀, wọ́n sì ń sin òkú níbẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, àlejò yóò rí òkìtì ilẹ̀ kan tí wọ́n máa ń fi hàn án pé ibi àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní ààfin náà ni wọ́n ń rì síbẹ̀. Kò sí ìdí fún àlàyé gígùn fún ọmọ Yorùbá lórí èyí, nítorí pé ẹni tí ìyá àgbà bá tọ́ dàgbà mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀wọ̀ ri ibi ọmọ mọ́lẹ̀ nílé.

Irú ilé mẹ́ta ló wà nínú ààfin náà, ìrísí ilé kọ̀ọ̀kan sì ń sọ ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Ilé tó rí róbótó jẹ́ ti àpọ́n. Ilé onígun mẹ́rin jẹ́ ti tọkọtaya tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ìgbé-ayé. Ilé tó dà bí òbìrí méjì tí wọ́n so pọ̀ jẹ́ ti àwọn àgbà, pàápàá àwọn ìyá àgbà, pẹ̀lú àwọn ọmọdé tó wà lọ́dọ̀ wọn, ibẹ̀ sì ni wọ́n gbà pé àwọn baba ńlá sún mọ́ jù. Ẹnu ọ̀nà ilé àgbà yìí kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí àgbàlagbà fi gbọ́dọ̀ tẹ̀ ba kí ó tó lè wọlé, ògiri kékeré kan sì tún wà nínú rẹ̀ tí yóò dínà mọ́ ẹni tó bá ń wọlé. Kí nìdí? Ogun ni. Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ẹlẹ́ṣin Zabarima tí Babatu jẹ́ olórí wọn ń kó àwọn ènìyàn agbègbè yìí lẹ́rú. Ọ̀tá tó bá tẹ orí ba wọlé kò rí iwájú rẹ̀, ẹni tó wà nínú ilé ti rí i, ohun tó bá sì wu onílé ló lè ṣe sí orí tó yọ sí i. Ní Karnak, ilẹ̀kùn ga láti fi ọlá òrìṣà hàn; ní Tiébélé, ilẹ̀kùn rẹlẹ̀ láti gba ẹ̀mí ọmọ ènìyàn là. Kò sí èyí tó kéré nínú èrò méjèèjì.

Òrùlé ilé onígun mẹ́rin tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì lágbára tó fún ènìyàn láti rìn lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sá ọkà sí, ibẹ̀ sì ni wọ́n ń sùn lálẹ́ nígbà ooru. Bí wọ́n bá gba àlejò láyè láti gun àkàbà igi dé orí rẹ̀, yóò rí bí àgbàlá kan ṣe wọnú òmíràn àti bí ọ̀nà tóóró ṣe yí káàkiri. Iṣẹ́ tí bàlúùnù ń ṣe fún olùwòran ní Luxor, òrùlé ń ṣe é ní Tiébélé, láìlo gáàsì.

Ta wá ni ń tún un ṣe? Ìdáhùn ìbéèrè yìí ni ẹwà Tiébélé. Àwọn ọkùnrin ló ń mọ ògiri, àwọn obìnrin ló ń kùn ún. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Àwọn obìnrin nìkan ló ni ìmọ̀ kíkùn náà, láti ọwọ́ ìyá ni ọmọbìnrin sì ti ń kọ́ ọ. Lẹ́yìn ìkórè, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, àwọn obìnrin yóò kóra jọ, nítorí pé ẹnìkan kò lè dá ògiri kan kùn tán kí ó tó gbẹ. Wọn yóò fi ilẹ̀ àti bọ́tọ̀ màlúù tí wọ́n pò pọ̀ rẹ́ ògiri, wọn yóò fi ilẹ̀ pupa kùn ún, wọn yóò fi àwọ̀ dúdú àti ẹfun funfun ya àwòrán sí i, lẹ́yìn náà ni wọn yóò fi òkúta dídán yùn ún títí yóò fi dán. Níkẹyìn, wọn yóò se èèpo èso igi tí àwọn Yorùbá fi ń ṣe irú, omi pupa tó bá jáde lára rẹ̀ ni wọn yóò sì wọ́n sára ògiri kí àwọ̀ náà má bàa tètè ṣí. Ìyálọ́jà tó ń ta irú ní Ouagadougou lè má mọ̀ pé èèpo tí ẹnikẹ́ni kì í rà yìí ló ń dáàbò bo ààfin kan lọ́wọ́ òjò.

Àwọn àwòrán náà kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Òjòlá wà lára ògiri, nítorí pé wọ́n kà á sí ẹ̀dá tó sún mọ́ àwọn baba ńlá. Ahun wà níbẹ̀, àwọ̀n apẹja wà níbẹ̀, àfọ́kù igbá náà wà níbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí òjò bá ti fọ ògiri, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ti rẹ̀, tí àwọn obìnrin bá tún un kùn, ìtàn náà ni wọ́n tún sọ. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ní ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú, àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọnà ti kọ ìwé lórí àwọn obìnrin tó ń kun ojúbọ òrìṣà ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní ìlú mìíràn nígbà tí ọdún òrìṣà bá súnmọ́. Kí olùgbọ́ sì wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ọ̀yọ́-Ilé, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ sá fi sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1830: ààfin Aláàfin tó wà níbẹ̀ tóbi, ó sì lókìkí, ṣùgbọ́n nígbà tí kò sí ọwọ́ tó ń rẹ́ ògiri mọ́, òjò dá amọ̀ rẹ̀ padà fún ilẹ̀. Àìsí ọwọ́ tó ń rẹ́ ògiri ló pa ààfin Amenhotep náà. Ààfin Tiébélé kò tí ì pàdánù ọwọ́ tirẹ̀.

Ní 2024, nígbà ìpàdé tó wáyé ní New Delhi, àjọ UNESCO fi ààfin Tiébélé sínú ìwé àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé, ìwé tí Ọ̀ṣun Òṣogbo ti wọ̀ ní 2005, tí ààfin Abomey sì ti wọ̀ ní 1985. Ìyìn ni, ṣùgbọ́n ìwé kò lè rẹ́ ògiri. Sìmẹ́ńtì àti páànù ń wọ ìgboro, ó sì yé ni pé ọ̀dọ́ tó bá ní owó yóò fẹ́ ilé tí kò ní béèrè kíkùn lọ́dọọdún. Síbẹ̀, ọmọ Burkina Faso kan, Francis Kéré ará Gando, ti fi hàn pé amọ̀ kò tí ì di ohun àná: amọ̀ ló fi kọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìlú rẹ̀, ní 2022 ló sì gba ẹ̀bùn Pritzker, ọlá tó ga jù fún àwọn ayàwòrán ilé, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á.

Loropéni náà wà ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè yìí, níbi tí odi yangí kan tó ga dé mítà mẹ́fà ti wà nínú igbó. Òun ni UNESCO kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ̀ ní Burkina Faso, ní 2009. Àwọn onímọ̀ so ó pọ̀ mọ́ òwò wúrà tó ń gba inú aṣálẹ̀ Sahara kọjá, wọ́n sì ní ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún kan tó ti wà níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni bàlúùnù ìbá ti wúlò, nítorí pé igi ńlá ti hù láàárín àwọn ògiri náà, ẹni tó dúró sílẹ̀ kì í sì rí bí wọ́n ṣe so kọ́ra.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Tiébélé, kí ó kọ́kọ́ bi àwọn agbófinró àti àwọn awakọ̀ ojú ọ̀nà náà bí ọ̀nà ṣe rí lọ́sẹ̀ tó fẹ́ lọ, nítorí pé ètò ààbò ní orílẹ̀-èdè yìí ti le láti bí ọdún mélòó kan, ohun tó sì rọrùn lánàá lè má rọrùn lónìí. Kí ó mú káàdì ìdánimọ̀ lọ́wọ́. Kí ó má wọ aṣọ pupa, nítorí pé wọ́n máa ń kìlọ̀ fún àlejò pé àwọ̀ yẹn jẹ́ ti ilé ọba. Kí ó san owó tí wọ́n bá ní kí ó san, kí ó gba afinimọ̀nà ọmọ ìlú náà, kí ó sì tọrọ àyè kí ó tó ya ẹnikẹ́ni ní fọ́tò, pàápàá àwọn ìyá àgbà. Bí ó bá lọ ní ìgbà òjò, ògiri tó ti ṣí ni yóò bá. Bí ó bá lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn tí iṣẹ́ oko ti parí, ó ṣeé ṣe kí ó bá àwọn obìnrin náà lẹ́nu iṣẹ́, kí ó sì rí bí wọ́n ṣe ń fi òkúta yun ògiri.